Àwọn Ọmọ Ogun Àkeekèé Dúdú

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì pé oṣù kan tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ fi wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, tí wọ́n dorí kọ ìlà-oòrùn. Láàárín ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1967, wọ́n gúnlẹ̀ sí Bonny, erékùṣù tí wọ́n ti ń gbé epo rọ̀bì sọ́kọ̀ lọ sókè òkun. NNS Nigeria wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbá rẹ̀. NNS Lokoja náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ológun orí omi wa ní nígbà náà tó lè fi imú kan etídò kí ó sì da sójà sórí ilẹ̀. Ológun Nàìjíríà kò ja irú ogun bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jẹ́ ológun Nàìjíríà. Ẹni tó kó wọn lọ ni Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún 31.

Láti ara àwọn tó gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìwé ń pè ní Third Marine Commando ti gbilẹ̀, tí ará ilé wa ń pè ní Kọ̀mándò lásán. Nígbà tí ogun gbóná tán, wọ́n ti lé ní 30,000. Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá kan léèrè pé ta ni wọ́n, yóò dá yín lóhùn kíá: Adékúnlé, Ọbásanjọ́, Àkínrìnádé, Alábí-Ìsàmà. Ó parí. Orúkọ mẹ́rin, gbogbo wọn ọ̀gá. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù tó fi àyà wọ́ nínú àbàtà, tí wọ́n ru ọta ìbọn lórí kọjá odò, tí àwọn kan lára wọn sì sùn síbẹ̀, orúkọ wọn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni àyàfi ẹnu àwọn ará ilé wọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti lé ní 75 báyìí. Lójoojúmọ́ ni à ń sin wọ́n, a sì ń sin ìtàn náà mọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tún ìtàn yìí sọ, kí n sì sọ ohun tó kù tí a lè ṣe nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà.

Kàdúná ni wọ́n bí Adékúnlé sí, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 1936. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bachama láti òkè ọya. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1958, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Sandhurst ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀gá sójà ní 1960. Ó wà lára àwọn tí Nàìjíríà rán lọ sí Congo lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ohun kan wà nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò dá: ní 1962, òun ni sójà tó ń tẹ̀lé Gómìnà ìlà-oòrùn, Francis Akanu Ibiam, kiri. Ó ti gbé ilẹ̀ Ìgbò, ó ti jẹun pẹ̀lú wọn, ó mọ ọ̀nà wọn. Ilẹ̀ tó padà gbógun lọ kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí i. Àkeekèé Dúdú ni ayé wá ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ó kéré lójú ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kò ṣe é fojú di. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Wọn kò tíì fìdí múlẹ̀ ní Bonny tí nǹkan fi yí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 1967, ọmọ ogun Biafra, ìlà-oòrùn tó ya ara rẹ̀ kúrò lára Nàìjíríà, ya wọ ìpínlẹ̀ Àárín-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lápá Èkó. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí àwọn kan bá ń sọ ìtàn ogun náà bí ẹni pé Yorùbá wà ní apá kan, Ìgbò wà ní apá kejì. Ọmọ Yorùbá kan ló ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀rẹ̀, ọmọ Yorùbá mìíràn ló sì gba ojú omi lọ láti fi ẹ̀yìn rẹ̀ há. Murtala Muhammed àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì ló kọjú sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Àwọn Adékúnlé gba Escravos wọlé, wọ́n gba Warri, wọ́n gba Sapele. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, Benin ti padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Ojukwu, olórí Biafra, ní kí wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu, wọ́n ní ó fẹ́ dojú ìjọba dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kàlàbá. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, 1967 ni wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì jà á láti ojúlé dé ojúlé. Ìlú yẹn ni ẹnu ọ̀nà Biafra sí ilẹ̀ Cameroon. Nígbà tó bọ́, Adékúnlé rí i pé àwọn ọmọ ogun òun kì í ṣe sójà orí ilẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ Kọ̀mándò lé wọn lórí. Orúkọ yẹn mú orí àwọn ọ̀dọ́ wú. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ telọ ló ń kọ́ ní Mushin tàbí tó ń kó àpò nínú ọjà Dùgbẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn, á kọ lẹ́tà sílé pé Kọ̀mándò ni òun. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo sójà orí ilẹ̀ Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ; nígbà tó parí, wọ́n ti tó 250,000. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ìwé àkọsílẹ̀. Ìjọba tó ń gba ènìyàn báyìí lójoojúmọ́, tó sì ń rán wọn lọ sójú ogun bí wọ́n ṣe ń dé, kì í ráyè kọ orúkọ abúlé, orúkọ ìyá àti orúkọ àbúrò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ olúkúlùkù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí omi, nítorí níbẹ̀ ni ogun àwọn Kọ̀mándò ti yàtọ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín Bonny, Ọ̀pọ̀bọ̀ àti Kàlàbá kì í ṣe ilẹ̀ tí lọ́rì ń gbà. Odò ló fà á ya sí wẹ́wẹ́. Omi òkun ń kún wọ inú àbàtà, ó tún ń fà padà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọ̀nà tí ọkọ̀ rí gbà láàárọ̀ á di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tí kò bá mọ àkókò omi, ọkọ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀ sójú gbalasa, ìbọn arọ̀jò-ọta á sì bá a níbẹ̀. Ìbọn ń dípẹtà, bàtà ń jẹrà mọ́ ẹsẹ̀. Sójà tó dàgbà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, tó jẹ́ pé inú ọ̀dàn ló mọ̀, ojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀.

Àwọn tó la ojú ọ̀nà fún wọn ni ọmọ odò fúnra wọn. Isaac Adaka Boro, ọmọ Kaiama ní ilẹ̀ Ìjọ́, ti gbé ìbọn ní oṣù Kejì 1966, ó kéde orílẹ̀-èdè Niger Delta, ọjọ́ 12 péré ló sì gbé e kí ìjọba tó mú un. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún un kí Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, tó dá a sílẹ̀. Nígbà tí ogun dé, ó kó àwọn ọ̀dọ́ Ìjọ́ wọlé bá Adékúnlé. Àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí omi jìn sí lóru, wọ́n mọ ẹsẹ̀ odò tó já síta àti èyí tó dópin nínú igbó. Boro di Méjọ̀ nínú àwọn Kọ̀mándò, ó sì kú sójú ogun nítòsí Okrika ní oṣù Karùn-ún 1968, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Port Harcourt. Kò tíì pé 30 ọdún. Ìtàn tirẹ̀ kò sọnù, nítorí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1982 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé tí wọ́n pè ní The Twelve-Day Revolution. Àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé e kò kọ nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ Kọ̀mándò ṣe ń rìn lóru láìtan iná, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn ní etí odò wọ̀nyẹn ni yóò wá a lọ.

Ní oṣù Kẹta 1968, àwọn Kọ̀mándò sọdá láti Kàlàbá sí Oron, wọ́n sì tú ká sórí ilẹ̀ Ibibio àti Annang títí wọ́n fi dé etí odò Imo. Ìgbà yìí ni orúkọ àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun méjì ràn: Godwin Alábí-Ìsàmà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin, àti Alani Àkínrìnádé, ọmọ Yakoyo. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, Port Harcourt bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń kọ ìwé lórí ogun jíjà ṣì máa ń yẹ ìrìn yẹn wò títí dòní. Ológun tí kò ní ju ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè da sójà sétí omi, tó ń yá ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ akérò lò, gba gbogbo etí òkun láàárín oṣù mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Port Harcourt bọ́ ni ilẹ̀kùn òkun tì pa mọ́ Biafra. Oúnjẹ kò wọlé mọ́ àyàfi èyí tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbé wá lóru. Ní 1968 yẹn ni gbogbo ayé rí àwòrán àwọn ọmọdé tí kwaṣíókò ti wú nikùn, tí irun wọn ti pọ́n, tí egungun ìhà wọn ṣeé kà. Ẹni tó bá ń ròyìn ìṣẹ́gun Kọ̀mándò, tó sì fo èyí, kò tíì ròyìn ogun náà. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Adékúnlé lọ́dún yẹn, níwájú àwọn oníròyìn òkèèrè, pé òun kò fẹ́ rí Red Cross, òun kò fẹ́ rí Caritas. Ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Nítòsí Aba, lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀gá sójà kan lára àwọn Kọ̀mándò yìnbọn pa ọmọkùnrin Ìgbò kan tí wọ́n ti mú, tí kò sì ní ohun ìjà, níwájú àwọn oníkámẹ́rà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá sójà náà níwájú kámẹ́rà bákan náà, nítorí Gowon ti fún sójà kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan aráàlú. Òfin náà wà. Ọ̀pọ̀ ibi tí kámẹ́rà kò dé náà wà.

Adékúnlé wá ṣe ìlérí kan tó kọjá agbára ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó ní òun yóò gba Owerri, Aba àti Umuahia pọ̀, ó sì fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pè é ní OAU. Aba bọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, Owerri tẹ̀lé e láàárín oṣù yẹn kan náà. Umuahia kò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ láé. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kìíní ló padà gbà á ní oṣù Kẹrin 1969. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Owerri ni àwọn àgbà Kọ̀mándò kì í fẹ́ dá sọ. Ọmọ ogun Biafra yí ìlú náà ká mọ́ bìrìgéèdì kẹrìndínlógún, tí Etuk jẹ́ ọ̀gá wọn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀nà dí. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn láti òkè, òmíràn nínú ẹrù náà sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ebi tó ń pa àwọn ọmọ Biafra ní ìta odi ń pa àwọn Kọ̀mándò nínú ilé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1969, àwọn tó ṣẹ́kù já ara wọn gbà jáde lóru, Owerri sì padà sọ́wọ́ Biafra.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni Gowon pààrọ̀ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹnjiníà ológun, ọmọ Abẹ́òkúta, ló gba Kọ̀mándò lọ́wọ́ Adékúnlé. Ó bá sójà tó ti rẹ̀, tí ọkàn wọn ti bàjẹ́, tí púpọ̀ kò fẹ́ ọ̀gá mìíràn ju Àkeekèé lọ. Oṣù bíi mélòó kan ló fi tún wọn tò. Ní oṣù Kejìlá, àwọn Kọ̀mándò àti ẹgbẹ́ kìíní pàdé ní Umuahia, wọ́n gé Biafra sí méjì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1970, Philip Effiong, tó ti gba ipò olórí Biafra, sọ lórí rédíò pé ó tó. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ó wá sí Dodan Barracks l'Ékòó láti fọwọ́ síwèé. Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó pa ẹnu sójà dé pẹ̀lú. Bí kò bá sí ẹni tó ṣẹ́gun, kí ni Kọ̀mándò tó délé yóò wí? Kò sí orin tí wọ́n fi pàdé wọn lẹ́nu odi ìlú. Ọ̀pọ̀ kàn padà sídìí ọkọ̀, sídìí oko, sídìí iṣẹ́ ọdẹ ilé ìfowópamọ́. Ìjọba ní kí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní jẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, dípò ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á gbé òdòdó ka iwájú ère sójà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò kẹ́gàn ère náà. Ṣùgbọ́n ogun yìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí sójà rẹ̀ di ẹni tí a kò mọ orúkọ. Nǹkan kan máa ń dùn mí níbẹ̀: ọmọ Nàìjíríà tó kú ní Burma ní 1944, bí a kò tilẹ̀ rí sàréè rẹ̀, wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ní Taukkyan, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì lè wá a rí. Níbo ni ọmọ ọmọ ẹni tó kú ní Owerri ní 1969 yóò lọ láti fọwọ́ kan orúkọ bàbá bàbá rẹ̀?

Àwọn ọ̀gá kò dákẹ́ ní tiwọn. Ọbásanjọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó tẹ My Command jáde ní 1980, ó sì ròyìn bí òun ṣe fòpin sí ogun. Ìwé yẹn fa ìbínú tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 2004, ọmọ Adékúnlé kó àwọn lẹ́tà ogun bàbá rẹ̀ jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé. Ní 2013 ni Alábí-Ìsàmà gbé The Tragedy of Victory jáde, ìwé ràgàjì tó kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán àti àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń jagun, ó sì fi ojú ìwé sí ojú ìwé bá Ọbásanjọ́ jiyàn. Àkínrìnádé náà ti sọ tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni pé ta ló gbèrò ìkọlù ìkẹyìn, ta ló dúró níbi tí ọta ti ń fò, ta ló jókòó sẹ́yìn.

Kò wù mí láti dá ẹjọ́ wọn níhìn-ín. Àwòrán Alábí-Ìsàmà ni mo fẹ́ kí gbogbo wa wò, nítorí àwọn ojú tó wà nínú wọn. Ọ̀gá ń nawọ́ sí ibi kan, sójà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sì dúró tì í, òmíràn gbé ìbọn kọ́ ejìká, òmíràn ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọmọ ta ni wọ́n? Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn pọ̀ ní ojú ewé, síbẹ̀ sójà lásán máa ń gba inú wọn kọjá bí òjìji ni. Iye ló ń jẹ́ nínú wọn. Wọ́n á ní bàtálíọ́nù kan lọ, wọ́n á ní ìdajì rẹ̀ kò bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìran tí kì í jẹ́ kí jagunjagun kú láìlórúkọ ni wá. Àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n wọ́n ní akéwì àti onírárà. Oríkì Ìbíkúnlé àti ti Ògúnmọ́lá, àwọn ọ̀gágun Ìbàdàn, sọ ìlú tí wọ́n jà, ẹni tí wọ́n bá jà, àti bí ọjọ́ náà ṣe rí. Bọ́láńlé Awẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn, ti ṣàlàyé láti àwọn ọdún 1970 pé ẹ̀rí tó ṣeé yẹ̀ wò ni oríkì wọ̀nyí, bí a bá mọ bí a ṣe ń bi wọ́n léèrè. Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, kò dúró kí àwọn àgbà kú kó tó lọ bá wọn. Ó jókòó ti David Kúkọmí ní Ìbàdàn, ó jókòó ti Tìmì Lágunjú ti Ẹdẹ, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín àwọn ọ̀gá ogun Kírìjì ní 1886. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí London, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ìwé pélébé tó fi sílẹ̀ jọ, tó tún un kọ, tó sì jáde ní 1921. Bí kò bá sí àwọn ìwé pélébé yẹn nínú àpótí, kí ni à bá mọ̀ lónìí nípa Kírìjì?

Àwọn mìíràn ń ṣe é lójú wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá kọ̀mándò tiwọn sílẹ̀ ní 1940. Ní 1952 wọ́n gbé ère sójà mẹ́ta kalẹ̀ ní Spean Bridge ní ilẹ̀ Scotland, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti kọ́ wọn níṣẹ́. Wọn kò sì fi mọ sí ère. Àwọn tó jà àti àwọn ọmọ wọn kó ìwé jọ, wọ́n to orúkọ àwọn tó kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdílé sì lè kọ̀wé sí ìjọba láti gba ìwé iṣẹ́ sójà wọn. Ẹ má ní nítorí pé Òyìnbó ni. Ní Asaba, níbi tí sójà ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì ti pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú ní oṣù Kẹwàá 1967, àwọn ará ìlú àti ọ̀jọ̀gbọ́n méjì láti Amẹ́ríkà gba ohùn àwọn tó yè sílẹ̀. Ìwé tó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní 2017 fi orúkọ ènìyàn dípò àhesọ. Àwọn tí wọ́n ṣe níkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn. Àwọn tó gbé ìbọn ni kò tíì kọ.

Àṣírí kan wà tí gbogbo ilé sójà mọ̀: àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn. Inú rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fi tú bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ológun rẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ kan tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ṣá, àti fọ́tò tí ó yà ní Port Harcourt pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì, tí wọ́n kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ìdílé fi lè lọ béèrè ní iléeṣẹ́ tó ń sanwó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, pẹ̀lú rẹ̀ sì ni a fi lè yà á sọ́tọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún Àdìsá tàbí ọgọ́rùn-ún Sunday. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n ti kó àpótí náà dà sórí ààtàn lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Fọ́tò tí a kò kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó di fọ́tò àlejò nínú ilé tó ni ín.

Bí bàbá náà bá ṣì wà, ẹ má bi í pé ènìyàn mélòó ni ẹ pa. Ìbéèrè tó ń ti ẹnu pa nìyẹn. Ẹ bi í pé: Bàbá, ibo lẹ ti wọṣẹ́? Ta lẹ bá wọ̀ ọ́? Kí lẹ jẹ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé etí omi? Ta ló kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀? Àgbà á rẹ́rìn-ín, á ní gààrí ni àti gúgúrú, á sì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, nítorí àwọn tí kò bọ̀ kò ní ẹlòmíràn tí yóò dárúkọ wọn. Ẹ bi í pé ibo ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ bi ìyá náà léèrè tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ìyàwó sójà ló gbé bárékè, àwọn kan sì tẹ̀lé ọkọ dé ẹ̀yìn ojú ogun gan-an, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń tọ́jú ọgbẹ́, wọ́n bímọ síbẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwé àwọn ọ̀gá tó lè rọ́pò ohun tí wọ́n rí.

Ohun tí kò dára náà yóò jáde. Àgbà kan lè sọ pé abúlé kan wà tí àwọn kọjá, òun kò sì fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ abúlé náà. Ó lè jẹ́ pé ní abúlé kan náà, ní Mbaise tàbí ní Annang, ìyá arúgbó kan ń sọ ọjọ́ yẹn kan náà fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a bá fi ìwé méjèèjì lé ara wọn ni ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Ẹni tó ń pa ìtàn Kọ̀mándò mọ́ kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Adékúnlé kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, 2014. Ìfẹ̀yìntì tipátipá ló fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 1974, ogójì ọdún ló sì lò lẹ́yìn ìyẹn láàárín àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tí orúkọ rẹ̀ ń bà lọ́kàn jẹ́. Apá méjèèjì ló ní ìdí.

Bí ìwé náà bá ti délẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ewé márùn-ún nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, ẹ má fi mọ sínú ilé nìkan. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ilé ìkówèésí ìjọba tó ń pa ìwé àtijọ́ mọ́ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1950, yàrá ìkàwé Kenneth Dike náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé gíga tó ń kọ́ ìtàn sì ń wá ohun tí wọn yóò kọ lé lórí lọ́dọọdún. Ẹ gba ohùn bàbá sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì sọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń ṣe títí dọjọ́ ikú, ẹ bu ọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ kọ ìwọ̀nba tó wà: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ìlú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, bàtálíọ́nù rẹ̀, ọjọ́ tó lọ àti ọjọ́ tó bọ̀.